Omi Abẹ́ Ẹyin: Ká Dà Á, àbí Ká Má Dà Á?

Ohun tó ń fa àríyànjiyàn jù láàárín àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin adìẹ kì í ṣe iná, kì í sì í ṣe irú adìẹ, omi ni. Àwọn kan gbà pé láti ọjọ́ tí ẹyin bá ti wọ ìńkúbétọ̀ ni omi gbọ́dọ̀ wà nínú àwo tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ náà lè wà láàárín ìdá 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ṣe kọ ọ́. Àwọn kejì ní kí àwo yẹn gbẹ fún ọjọ́ 18 gbáko, kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i àfi tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹyin pa. Àwọn méjèèjì ní òròmọdìẹ tí wọ́n lè fi jẹ́rìí. Àwọn méjèèjì náà ló sì ti rí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ dàgbà tán nínú ẹyin, tó hu ìyẹ́ tán, tó sì kú sínú èèpo láìjáde.

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí gidigidi nítorí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí láàárín ìgboro Ìbàdàn àtijọ́, ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní ẹsẹ̀ òkè Màpó tàbí ní Bẹyẹrúnkà. Kò sí ilẹ̀ oko adìẹ ńlá níbẹ̀. Ilé fara ti ilé, agbo ilé wọnú agbo ilé. Ṣùgbọ́n àpótí tó gba ẹyin 100 tàbí 200 kò gbà ju igun yàrá kan lọ, adìẹ ìbílẹ̀ sì ti ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè pa ẹyin tirẹ̀, ó sì lè gba ti aládùúgbò pa lówó. Bí ẹyin 30 bá wọlé tí ọmọ 12 péré jáde, owó ti lọ nìyẹn, àárín ará ilé kan náà sì lè dà rú lórí rẹ̀. Ó tọ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì kí a tó dá a.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ẹyin. Èèpo ẹyin kò dí pinpin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tí ojú lásán kò lè rí ló wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fún ọmọ inú rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni omi ń gbà jáde díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Bí omi ṣe ń jáde ni àyè afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí ẹyin, níbi tó ti fẹ̀, ń gbòòrò sí i. Ní nǹkan bí ọjọ́ 19 sí 20, ọmọ yóò fi ẹnu gún awọ tó pààlà òun àti àyè yẹn, yóò sì mí èémí àkọ́kọ́ níbẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan èèpo. Bí omi tó jáde kò bá tó, àyè náà á kéré, ọmọ á wú, omi tó ṣẹ́ kù á dí i nímú. Bí èyí tó jáde bá sì pọ̀ jù, ọmọ á rù, agbára rẹ̀ á tán, awọ inú èèpo á le bíi rọ́bà, á lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò sì ní lè yí ara rẹ̀ po láti gé èèpo já.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ adìẹ fọwọ́ sí ni pé kí ẹyin ti pàdánù nǹkan bí ìdá 11 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ nígbà tó bá máa fi pé ọjọ́ 18. Hermann Rahn àti Amos Ar, onímọ̀ méjì tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lórí omi inú ẹyin ẹyẹ jáde lọ́dún 1974, fi hàn pé bí ẹyin ì báà kéré, bí ì báà tóbi, ìwọ̀n tó súnmọ́ra ni ó máa ń pàdánù kó tó pa. Iye omi tó jáde yìí ni ọmọ inú ẹyin mọ̀. Ìdá 50 tàbí 55 tí ìwé ẹ̀rọ kọ jẹ́ ọ̀nà kan láti dé ibẹ̀, àwọn tó sì kọ ìwé náà kò mọ̀ bóyá Bẹẹrẹ ni ẹ̀rọ máa wà àbí ìlú tí yìnyín ti ń já bọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn olómi. Ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ní àsìkò ọyẹ́. Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì, atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ Ìbàdàn débi tí ètè ń là, tí aṣọ tí a sá lórí okùn ń gbẹ kí a tó yí ojú padà. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń wọ inú ẹ̀rọ, níbi tí a ti ń mú un gbóná dé 37.5°C. Bẹ́ẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbóná sí i ni omi tó lè gbé ń pọ̀ sí i. Tí a bá mú un gbóná láìfún un lómi, òùngbẹ rẹ̀ ń le sí i ni. Lọ́sàn-án ọyẹ́ líle, tí ìta bá wà ní 32°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 25%, afẹ́fẹ́ kan náà tó bá wọ ẹ̀rọ kò ní ju nǹkan bí 18% lọ. Ara ẹyin ni yóò ti fa omi tó ń wá.

Wọ́n ní ẹ̀rí mìíràn. Ẹyin tí a kó jọ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó kún kéréètì, ti ń pàdánù omi nínú yàrá kó tó wọ ẹ̀rọ rárá, pàápàá nínú yàrá tí páànù wà lókè rẹ̀ tí kò ní àjà. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ kéré, púpọ̀ nínú wọn kò ju bíi 40 gíráàmù lọ, ẹyin kékeré sì máa ń yára pàdánù omi ju ńlá lọ bí a bá fi ìwúwo rẹ̀ wọ́n ọn. Èèpo ẹyin àgbébọ̀ tó ti ń dàgbà a máa fẹ́lẹ́. Àwọn ẹ̀rọ oníke tó ń ti Ṣáínà wá sì ní fáànù tó ń fẹ́ láìsinmi, tó ń gbá ọ̀rinrin jáde. Ẹ wá fi ojú oníbàárà kún un: òròmọdìẹ tó jáde láti inú ẹyin tó gbẹ jù kéré lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ hunjọ, ó sì ń wá omi mu kí ó tó lè dìde dáadáa. Ẹni tó fẹ́ ra ọmọ ọjọ́ kan kò ní bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àpótí. Á kàn yàgò fún un.

Ẹjọ́ àwọn aláìlómi, ní tiwọn, bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá dé, òjò Ìbàdàn sì gùn ju ọyẹ́ rẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, afẹ́fẹ́ ìta tó wà ní 27°C pẹ̀lú ọ̀rinrin 85% kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ mú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ, ẹ mú un gbóná dé 37.5°C láìda ẹ̀kán omi kan, yóò dúró ní nǹkan bí 47%. A kò tíì ka ti ẹyin fúnra rẹ̀. Ẹyin tó wúwo tó 55 gíráàmù, tó sì ń pàdánù ìdá 12 láàárín ọjọ́ 18, ń tú ìdá kan nínú mẹ́ta gíráàmù kan àti díẹ̀ sí afẹ́fẹ́ lójúmọ́. Ẹyin 100 á tú tó ṣíbí ńlá méjì omi àti ààbọ̀ jáde lójoojúmọ́. Nínú àpótí tí ihò rẹ̀ kò pọ̀, ìyẹn nìkan tó láti gbé 47 yẹn dé 50. Kí ni a tún wá ń da omi sí fún?

Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn lọ́wọ́ àwọn olómi nígbà tó bá di oṣù Kẹjọ, tí ojú ọ̀run ṣú láti àárọ̀ dalẹ́ tí ògiri gan-an ń lami. Ẹni tó bá bu omi kún àwo nígbà yẹn lè gbé ọ̀rinrin dé 65% tàbí 70% láìmọ̀, nítorí pé ìwé ni ó ń wò, kò wo ìta. Àwọn aláìlómi tún ní ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí a gbọ́: àwo omi tó wà ní ibi tó gbóná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ibi tí èéwú àti kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i. Bí ẹyin kan bá ti sán, tí ẹyin òbu kan sì bẹ́ nínú àpótí tó tutù bẹ́ẹ̀, àkóràn rẹ̀ máa tàn ká, ìdodo ọmọ tí kò tíì dí sì ni ó máa gbà wọlé. Gbogbo ìgbà tí a bá tún ṣí àpótí láti bu omi sí i, ooru ń sá jáde, ooru sì ni ohun tí ẹyin kò lè fara dà kó yí padà. Lórí èyí, kò sí àríyànjiyàn láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́: ẹyin fara da àṣìṣe ọ̀rinrin ju àṣìṣe ooru lọ. Ọ̀pọ̀ ẹyin tí wọ́n ní omi ló bà á jẹ́, ooru ló bà á jẹ́, tàbí àìyí i, tàbí àkùkọ tí kò dáa.

Mo fi ìwé àti bírò ṣe ìṣirò kan tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe. Ká gbà pé ní 53% ni ẹyin máa pàdánù ìdá 12 tó yẹ ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ bá ṣe jìnnà sí 100 tó ni omi á ṣe máa jáde tó. Ní 47%, láìsí omi, nínú òjò, àdánù náà á jẹ́ nǹkan bí ìdá 13 àti ààbọ̀: ó gbẹ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì burú. Ní 65%, tí ẹni kan bá bu omi kún àwo nínú òjò yẹn kan náà, àdánù á wá sílẹ̀ sí ìdá 9: àyè afẹ́fẹ́ á kéré. Bí ọyẹ́ bá sì mú kí inú ẹ̀rọ wà ní 25% láìsí omi, àdánù á gòkè dé ìdá 19: ọmọ á lẹ̀ mọ́ èèpo. Lójú tèmi, ìṣirò yìí gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó ní kí a máa da omi nígbà gbogbo ń ṣìnà fún oṣù mẹ́fà tàbí méje lọ́dún. Ẹni tó ní kí a má dà á rárá ń ṣìnà fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta yẹn sì burú ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé 19 jìnnà sí 12 ju bí 9 ṣe jìnnà sí i lọ. Oṣù Kẹta àti oṣù Kọkànlá wà láàárín, ojú ni a máa fi wò ó nígbà yẹn.

Ojú nìkan kò tó, ibí yìí sì ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, torí pé ẹjọ́ tí a fi òṣùwọ̀n tó ń purọ́ dá kì í ṣe ẹjọ́. Òṣùwọ̀n ọ̀rinrin kékeré tí ń tàn bí aago, tí a ń rà pẹ̀lú ẹ̀rọ, lè fi ìdá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí òtítọ́. Iyọ̀ ni a fi ń dán an wò. Ẹ bu iyọ̀ ìdáná sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi sí i títí tó fi máa dà bí ẹni pé ó tutù ṣùgbọ́n tí kò yọ́, ẹ gbé e pẹ̀lú òṣùwọ̀n náà sínú ọ̀rá kan, kí omi iyọ̀ má kan òṣùwọ̀n, kí ẹ sì di ẹnu ọ̀rá pa. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ, 75% ni ó gbọ́dọ̀ kà. Bí ó bá ka 67, ẹ mọ̀ pé 8 ló ń yọ kúrò. Ẹ máa fi 8 kún un lójoojúmọ́.

Ohun tó dára ju òṣùwọ̀n ọ̀rinrin lọ ni òṣùwọ̀n ìwúwo, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ẹyin 10. Bí wọ́n bá jẹ́ 550 gíráàmù lápapọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, 66 gíráàmù ni kí wọ́n ti pàdánù lọ́jọ́ 18. Ìyẹn ni pé 22 lọ́jọ́ kẹfà, 44 lọ́jọ́ 12. Bí wọ́n bá pàdánù 30 lọ́jọ́ kẹfà, ó ń gbẹ jù, ẹ da omi díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 14, ẹ gbọ́n omi dànù, kí ẹ sì ṣí ihò afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ wọn ẹyin nìkan, ẹ má wọn ọ́n pẹ̀lú kéréètì oníwèé, torí kéréètì náà ń fa ọ̀rinrin mu. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí ẹyin nínú òkùnkùn, kí ó sì fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí àyè afẹ́fẹ́ dé lọ́jọ́ keje, lọ́jọ́ 14 àti lọ́jọ́ 18. Àwọn ará Íjíbítì ti ń pa ẹyin nínú ààrò alámọ̀ fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ láìlo òṣùwọ̀n ooru, wọ́n sì máa ń gbé ẹyin lé ìpéǹpéjú láti mọ ooru rẹ̀. Réaumur, ará Faransé, kọ ìwé nípa pípa ẹyin láìlo adìẹ tó ń sàba, ní 1749, ó sì gbóríyìn fún wọn. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ lè ṣe ohun tí òṣùwọ̀n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ fi ń mọ̀ ọ́n, òṣùwọ̀n sì wà lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i nígbà tí ẹyin inú àpótí kan kò bá jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí fún ẹni tó ń gba ẹyin pa: ìyá kan gbé tirẹ̀ wá lónìí, bàbá kan gbé tirẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àpótí sì jẹ́ ẹyọ kan. Nígbà tí ẹyin àkọ́kọ́ bá pé ọjọ́ 18, ó ń wá ọ̀rinrin bíi 65 sí 70% kí awọ inú èèpo lè rọ̀. Ẹyin ìyókù kò wá a. Ta ni a fẹ́ ṣe fún?

Àwọn kan ní kí a kọ̀ jálẹ̀: ẹyin gbogbo wọlé lọ́jọ́ kan, gbogbo rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan, kí a fọ àpótí, kí a tó gba òmíràn. Ó mọ́, ó dáni lójú, ìyàtọ̀ ìgbà sì rọrùn láti ṣe. Ṣùgbọ́n àpótí á máa ṣófo nígbà tí oníbàárà bá ń bọ̀, ẹyin oníbàárà á sì máa gbó nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó burú ju ohun tí a ń sá fún lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nílẹ̀, agbára ẹyin láti pa ti ń dín kù lójoojúmọ́. Àwọn kejì ń gba ẹyin lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo tún ṣe ìṣirò tiwọn, ohun tó jáde sì yà mí lẹ́nu. Bí ẹyin bá ń wọlé ní ọjọ́ keje-keje, tí a sì ń gbé ọ̀rinrin dé 70% fún ọjọ́ mẹ́ta tí ẹyin kọ̀ọ̀kan ń pa, ẹyin kan á rí ọjọ́ mẹ́ta tó tutù nígbà tó bá wà láàárín ọjọ́ kẹrin sí ìkeje, á tún rí mẹ́ta mìíràn láàárín ọjọ́ 11 sí 14, kó tó kan tirẹ̀ lọ́jọ́ 18. Ọjọ́ mẹ́fà tutù, ọjọ́ 12 yòókù wà láìlómi ní 45%. Bí a bá pín in káàkiri ọjọ́ 18, ó dúró ní nǹkan bí 53%. Ohun tí ìwé ń wá gan-an nìyẹn, tí ẹni tí kò da omi sí àpótí sì rí gbà láìwá a. Nínú òjò, nígbà náà, àpótí ọlọ́jọ́-orí-púpọ̀ àti àwo gbígbẹ bá ara wọn mu. Ẹni tó bá fẹ́ da omi láti ọjọ́ àkọ́kọ́ sínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni yóò pàdánù, nítorí pé ọ̀rinrin rẹ̀ á ti lọ sí nǹkan bí 59% kó tó di ọjọ́ 18.

Àléébù kan kù tí ìṣirò kò lè wò sàn. Nígbà tí ẹyin bá ń pa, ìyẹ́ wẹ́wẹ́, omi ara àti èèpo ń fọ́n ká, fáànù sì ń gbé e lé ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa ẹyin lọ́pọ̀ yanturu fi ń ya ẹ̀rọ méjì sọ́tọ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, wọn kì í sì í yí ẹyin mọ́ nínú èyí ìkẹ́yìn. Irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa: Zartech wà ní Ìbàdàn níbí, Amo Farm Sieberer Hatchery, àwọn tó mú adìẹ Noiler jáde, sì wà ní Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́. Ẹni tó ní igun yàrá kan ní Bẹyẹrúnkà kò lè ra irú ẹ̀rọ wọn, ṣùgbọ́n ó lè ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é: àpótí pákó kékeré kan tí kò gbà ju ẹyin 30 tàbí 50 lọ, gílóòbù kan àti ohun tó ń pa á tó ń tàn án, àti àwo omi fífẹ̀. Lójú mi, bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, àpótí kejì yìí yẹ kó ṣáájú òṣùwọ̀n tó wọ́n. Mo mọ̀ pé yóò jẹ iná sí i, owó iná sì kì í ṣe ohun tí a ń fojú tín-ín-rín. Ìyẹn ni ẹjọ́ tó lágbára jù lọ́wọ́ àwọn tó ń lo àpótí kan, mi ò sì lè ní kò tọ́.

Kí a wá wá sí ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn náà. Níbí, olómi àti aláìlómi gbà fún ara wọn pé omi gbọ́dọ̀ wà. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni bó ṣe máa pọ̀ tó, àti bóyá kí a ṣí àpótí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bu omi kún abọ́ jíjìn, kí ó má baà tán, bẹ́ẹ̀ fífẹ̀ ojú omi ló ń gbé ọ̀rinrin sókè, kì í ṣe jíjìn rẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ kan pẹ̀lú fóòmù tó mumi á ṣe ju garawa kékeré lọ. Àwọn mìíràn ń di ihò afẹ́fẹ́ kí ọ̀rinrin má jáde. Èyí léwu. Ọmọ tó ti ń mí ń wá afẹ́fẹ́ ju bó ṣe ń wá omi lọ, ìgbà yìí sì ni ẹyin ń lo afẹ́fẹ́ jù. Bí ó bá di dandan kí a yan ọ̀kan, kí ihò ṣí sílẹ̀, kí ọ̀rinrin dín ní ìdá 5.

Ní ti ṣíṣí àpótí, àwọn kan ní kò gbọ́dọ̀ wáyé rárá títí gbogbo rẹ̀ á fi pa. Wọ́n ní ìdí: bí a bá ṣí i, ọ̀rinrin á jábọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, awọ ẹyin tí ọmọ rẹ̀ ti lu ihò kan á gbẹ mọ́ ọn lára. Ọmọ tó ti jáde kò sì ní í kú sí ebi. Pupa ẹyin tó fà wọ inú ikùn lè gbé e dé bíi wákàtí 72, òun ló jẹ́ kí a lè gbé ọmọ ọjọ́ kan láti ìlú kan dé òmíràn. Àwọn kejì ní àwọn kò lè máa wo ọmọ tó ti lu ihò láti àná tí kò sì tẹ̀síwájú, kí àwọn má ràn án lọ́wọ́. Àánú wọn ye mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ bá ti kọ́kọ́ lu èèpo, wákàtí 12 sí 24 kí ó tó jáde kì í ṣe ohun àjèjì, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wà lára awọ ń padà sínú ara rẹ̀ ni, pupa ẹyin náà sì ń wọ ikùn. Bí a bá yọ èèpo nígbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde. Bó bá ti kọjá wákàtí 24, tí awọ náà ti funfun tó sì ti gbẹ, tí ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹni tó fi òwú tó rin omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ràn án lọ́wọ́ kò ṣẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, sùúrù ló sàn jù.

Iná wa náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ẹjọ́ yìí. Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ tí ínfátà kò sí, ẹlòmíì á gbé àtùpà sábẹ́ àpótí tàbí sínú rẹ̀. Lítà kẹrosíìnì kan tó bá jóná máa ń tú nǹkan bíi lítà omi kan sínú afẹ́fẹ́, yàtọ̀ sí èéfín. Bí àtùpà bá ń jó nínú àpótí tààrà, omi ń wọ ibẹ̀ láìsí ẹni tó dà á, ẹni tó sì ní òun kì í lo omi ń lò ó láìmọ̀. Kí páìpù gbé èéfín jáde síta ni ó tọ́, nítorí afẹ́fẹ́ búburú tó wà nínú rẹ̀ ju ti ọ̀rinrin lọ. Bí ẹ̀rọ bá sì tutù fún wákàtí díẹ̀ lóṣù Keje, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á fò sókè, ara ẹyin sì lè lami, kòkòrò á sì gba ihò èèpo wọlé pẹ̀lú omi yẹn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwo gbígbẹ ló ń gbeni. Yàrá alámọ̀ àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ nípọn, irú èyí tó ṣì wà láwọn agbo ilé kan lẹ́bàá Ọjà'ba, máa ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ nígbà tí iná bá lọ, torí kì í tètè gbóná kì í sì í tètè tutù. Yàrá páànù kò ní irú àǹfààní yẹn.

Adìẹ tó ń sàba nínú agbọ̀n ní igun àgbàlá kò ní òṣùwọ̀n kankan, ó sì ń pa ọmọ. Àwọn méjèèjì ló ń pè é ní ẹlẹ́rìí. Àwọn olómi ní ilẹ̀ tútù tí agbọ̀n wà lé lórí ń fún un ní ọ̀rinrin. Àwọn aláìlómi ní kì í ṣe òun ló bu omi sí ìtẹ́. Òtítọ́ ni pé ara rẹ̀ ló fi bo ẹyin, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ bíi ti fáànù, ó sì ń dìde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti jẹun. Ẹ̀rọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì gbà pé adìẹ lè dá ẹjọ́ yìí fún wa.

Ẹyin tí kò pa ló lè dá a. Lọ́jọ́ 22, nígbà tí a bá ti kó ọmọ kúrò, kí a má tíì da ìyókù sí ààtàn. Kí a fọ́ ọ níta, níbi tí atẹ́gùn wà, kí a wò ó. Bí kò bá ní ọmọ nínú rárá, àkùkọ ni kí a bi léèrè. Bí ọmọ bá ti kú láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru tàbí ẹyin tó pẹ́ nílẹ̀ ni kí a fura sí. Ọ̀rinrin kì í sábà pa á nígbà yẹn. Ti ọ̀rinrin wà lára èyí tó dàgbà tán. Tí ó bá wú, tí ara rẹ̀ tutù rinrin, tí àyè afẹ́fẹ́ kéré, tí pupa ẹyin ṣì wà níta ìdodo, a da omi jù. Tí ó bá rù, tí awọ lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ rẹ̀, tí àyè afẹ́fẹ́ gba ibi tó pọ̀, omi kò tó. Ká kọ iye èyí tó wú àti iye èyí tó rù sínú ìwé, pẹ̀lú oṣù tí a wà, kí a fi wọ́n wé ìwúwo tí ẹyin 10 yẹn pàdánù. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín òjò àti ọyẹ́, ẹni tó ni àpótí ní Bẹẹrẹ á ti ní ìwé tó bá yàrá rẹ̀ mu, èyí tí kò sí nínú páálí ẹ̀rọ kankan.